Ọmọ Ṣáínà ti Mpape

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹsàn-án, 2025

Wọ́n ti kéde ọjọ́ ìdíje àṣàyàn. Àbámẹ́ta yìí. Ọmọbìnrin mẹ́rin ni Ẹgbẹ́ Ìràwọ̀ Tábìlì máa kó lọ sí Amẹ́ríkà láti gbá tẹ́nìsì orí tábìlì fún Nàìjíríà. Mẹ́rin péré. Àwa tí a ń fẹ́ ẹ, àga inú gbọ̀ngàn ò gbà wá tán.

Kóòṣì Kai ní ẹsẹ̀ mi ti ń wúwo. (Múrítàlá lorúkọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè sọ gbólóhùn kan kó má fi “Kai!” sí i.) Ẹsẹ̀ mi ò wúwo. Ẹ̀rù ló ń bà á. Àtìgbà tí mi ò tíì ga tó tábìlì ló ti ń kọ́ mi, kò sì tíì sí ọmọ ẹ̀ kankan tó débì kan.

Ilé iṣẹ́ òkúta ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dáínámáìtì fọ́ àpáta lókè Mpape níbí, ní Abúja. Ife jó lórí tábìlì. Ìyá mi ò tiẹ̀ gbójú sókè, kọ́tìnì tó ń rán ló tẹjú mọ́.

Mo fẹ́ lọ. Ọlọ́run, mo fẹ́ lọ.

Ọjọ́rú, 3 oṣù Kẹsàn-án

Nínú kékè lónìí. Èmi àti Oyíndà ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ń gbá tẹ́nìsì, ń bọ̀ láti gbọ̀ngàn. Obìnrin kan wò mí títí, ó wá yíjú sí ẹnìkejì ẹ̀: “Àwọn Ṣáínà náà ti ń wọ kékè báyìí. Ayé ti le fún wọn.” Yorùbá ló fi sọ ọ́. Mo ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mà. Ó le fún gbogbo wa ni.” Díẹ̀ ló kù kó já bọ́ sí títì.

Oyíndà rẹ́rìn-ín títí a fi dé orí òkè. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀rín yẹn ti sú mi. Láti kékeré ni mo ti ń rín in.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi. Bàbá mi — Ọ̀gá Òkúta ni mò ń pè é níbí, mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè pè é — ará Ṣáínà ni, ó wá ń tún ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta ṣe ní Mpape. Wọ́n so yìgì, àwọn àlùfáà jẹ́rìí sí i. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ó ní òun ń lọ wo ìyá òun tí ara ẹ̀ ò yá. Kò padà. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún mi àfi ojú yìí.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù Kẹsàn-án

Mo tún wo àwọn fídíò eléré ìdárayá tí mo fi pamọ́ dípò kí n sinmi.

Ọmọbìnrin kan tí òbí ẹ̀ wá láti Ṣáínà, ó ń yọ̀ lórí yìnyín bí ẹni tí kò ní egungun, àsíá Amẹ́ríkà sì wà ní èjìká ẹ̀. Ọmọ Japan tí gbogbo pápá Amẹ́ríkà ń dìde fún bó bá ti gbé igi láti lu bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọbìnrin Kòríà tó ń ta ọfà bí ẹni ń nawọ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ. Ká tó wá sọ ti tẹ́nìsì wa yìí, tó jẹ́ pé ta ló máa bá Ṣáínà dù ú?

Ojú wọn ni ojú mi. Ní Mpape, àwọn nìkan tí mo rí tó ní irú ojú yìí ni àwọn tó wà nínú ọgbà ilé iṣẹ́ òkúta, lẹ́yìn géètì, tí ṣọ́jà ń ṣọ́. Inú fóònù ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé wọ́n lè fi góòlù kọ́ ẹni tó ní ojú yìí lọ́rùn, kí odidi orílẹ̀-èdè máa pariwo orúkọ ẹ̀.

Oyíndà ní, “Ìwọ ò tiẹ̀ níṣòro. Inú ẹ̀jẹ̀ ẹ ló wà.” Mo bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ mi ló ń sáré gun òkè ní ìdájí. Ó gé bọ̀ọ̀lì ẹ̀ sí méjì, ó na ìdajì sí mi. Bó ṣe máa ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n mú mi!

Jẹ́ kí n fara balẹ̀ kọ ọ́. Ọmọ Kàdúná ló ṣe ìkíní, ọmọ Ìbàdàn kan tẹ̀ lé e, ẹnì kan láti Jọ́ọ̀sì ṣe ìkẹta. Ipò kẹrin ló kù. Èmi àti Oyíndà. Àwa méjèèjì ni wọ́n ní ká dù ú.

Mo ti mọ bó ṣe ń mí kó tó gbá bọ́ọ̀lù. Òun náà mọ tèmi. A kò wojú ara wa. Ó gba séètì méjì, mo gba méjì, èyí tó kẹ́yìn le débi pé àwọn ènìyàn dìde dúró lórí àga. Sàfù mi, bọ́ọ̀lù tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀, ló gbà mí — èyí tó máa ń dà bí ẹni pé ó ń lọ sápá ọ̀tún, tó wá ń yà kúrò lọ́nà. Oyíndà na ọwọ́, kò bá a. Ó parí.

Kóòṣì Kai jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi fìlà bojú. Ẹkún ló ń sun. Oyíndà dì mọ́ mi, ara ẹ̀ gbóná, ó sọ sí mi létí pé, “Lọ bá wa nà wọ́n.” Mo mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ná an.

Ìyá mi gbé sóbò tútù wá fún gbogbo gbọ̀ngàn, àní fún àwọn tí mo lù. Àwọn oníròyìn ya fọ́tò mi, èmi pẹ̀lú jẹ́sì aláwọ̀ ewé. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn, “Ṣáínà ti Nàìjíríà!” Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo rò pé oore ni.

Àìkú, 7 oṣù Kẹsàn-án

Ìyá mi ò jẹ́ kí n fọ abọ́. Ó ní ọwọ́ mi ti di ọwọ́ ìjọba báyìí.

Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Kẹsàn-án

Fọ́tò yẹn ti wà níbi gbogbo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn sì ń kọ̀wé sábẹ́ ẹ̀.

“Wọ́n ti lọ ra Ṣáínà wá.” “Ṣé ọmọ tiwa ti tán ní?” “Ẹ ní kó pe orúkọ ara ẹ̀ ká gbọ́.” Habeebah. Mo pè é sókè nínú yàrá bí òmùgọ̀. Habeebah.

Àwọn kan gbèjà mi. Ẹ̀yin tí ẹ gbèjà mi, ẹ ti ṣe é tán: “Ẹ jẹ́ kó gbá a, ṣebí Ṣáínà ló máa ń gba góòlù?” Ogunlọ́gọ̀ ló fọwọ́ sí ìyẹn.

Mo rò pé tiwa nìkan ló rí báyìí. Mo wá lọ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fídíò ọmọ orí yìnyín. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan ní kó padà síbi tó ti wá. Àwọn ará Ṣáínà kan ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Àmọ́ wọ́n jẹ́ kó yọ̀ lórí yìnyín náà. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ ná kí wọ́n tó bú u.

Jímọ̀, 12 oṣù Kẹsàn-án

Alága ẹgbẹ́ pè wá. Agbádá ni mò ń pè é, torí agbádá ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Èmi, ìyá mi, Kóòṣì Kai. Wọ́n fún wa ní omi. Bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ fún ènìyàn ní omi, kó ti mọ̀ pé ìròyìn burúkú ń bọ̀.

Ohùn ẹ̀ dùn. “Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó kórìíra ẹ níbí. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹgbẹ́ ti wà lẹ́nu ayé. Àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ ti ń bi wá léèrè. Ṣe sùúrù ná, kí ọ̀rọ̀ yìí rọlẹ̀. Ó di ọdún mìíràn.”

Ìyá mi ní, “Alága, ọmọ ta ni ẹ ń pè lájèjì? Abúja níbí ni mo bí i sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Kò tíì wọ bàlúù rí láyé ẹ̀.”

“Màámá, èmi mọ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ló pọ̀.”

Kóòṣì Kai béèrè ẹni tó máa lọ dípò mi. Alága ní ẹni tó ṣe ìkarùn-ún. Oyíndà nìyẹn.

Ìgbà náà ni ìyá mi kúnlẹ̀. Rísíkàt ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn ọkùnrin ọjà Wuse máa ń yà fún lọ́nà. Ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ lórí táìsì, ó ní, “Ẹ ṣàánú mi. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ.” Ẹ̀ṣẹ̀. Ó pè mí ní ẹ̀ṣẹ̀, kò sì mọ̀. Mo fà á dìde. Agbádá ń wo fóònù ẹ̀.

A délé. Ìyá mi wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Àbámẹ́ta, 13 oṣù Kẹsàn-án

Mi ò dìde.

Àìkú, 14 oṣù Kẹsàn-án

Oyíndà wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà lọ́wọ́, bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá wọ́n á ní kó wọlé. Ó ní òun ò ní lọ. Ó ní òun máa sọ fún wọn pé ipò mi ni, òun ò gba ohun tí òun ò jẹ.

Mo ní, “Bí o bá kọ̀, ẹni kẹfà ni wọ́n máa pè. Wọn ò ní pè mí.”

Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó sunkún. Mo ń wò ó, mo sì ń ronú pé òun ló ń sunkún, èmi ló ń tù ú nínú. Ó ti fẹ́ máa lọ kó tó sọ ọ́, kò wojú mi: “Habeebah, jọ̀ọ́. Sàfù ẹ yẹn. Kọ́ mi.”

Mo ní kò burú.

Ọjọ́rú, 17 oṣù Kẹsàn-án

Mo kọ́ ọ. Ó tètè mọ̀ ọ́n. Kò yẹ kó tètè mọ̀ ọ́n.

Kóòṣì Kai lọ sọ̀rọ̀ lórí rédíò fún mi. Ó ti múra ohun tó máa sọ, ó wọ kaftani funfun. Ẹni àkọ́kọ́ tó pè wọlé bi í pé kí làwọn Ṣáínà fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Wọ́n fi ìpolówó ọṣẹ gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó padà dé gbọ̀ngàn, ó ń gbálẹ̀ níbi tí wọ́n ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 23 oṣù Kẹsàn-án

Mi ò mọ ohun tó gbé mi lọ síbẹ̀. Mo gun òkè lọ sí géètì ilé iṣẹ́ òkúta. Wọ́n ní tábìlì kan nínú ọgbà, mo máa ń gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù ibẹ̀ láti kékeré — tọ́kọ́, tọ́kọ́. Mo ní kí n kàn bá wọn gbá. Báàtì mi wà lápò.

Bàbá kan jáde, irun ẹ̀ ti ń funfun. Ó wò mí, ojú ẹ̀ là, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Ṣáínà fún mi, kíákíákíá, bí ẹni tó rí ọmọ àbúrò ẹ̀. Mo dúró. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò gbọ́ èdè yín.” Yorùbá ló jáde. Ó tún wò mí, láti orí dé ẹsẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ó mú omi inú ike kan fún mi, bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ tó sọnù, ó sì padà wọlé.

Ṣọ́jà ní, “Sànnu, ’yar China.” Ọmọbìnrin Ṣáínà ló ń fi Háúsá pè mí. Ó ní kí n má dúró sí géètì.

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n lọ sí Amẹ́ríkà lónìí. Mi ò sin Oyíndà dé pápákọ̀ òfurufú. Mo ní orí ń fọ́ mi. Kò fọ́ mi.

Àbámẹ́ta, 4 oṣù Kẹwàá

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ lónìí, torí lọ́la màá purọ́ fún ara mi.

Òwúrọ̀ tiwọn, ọ̀sán tiwa. Kò sí iná, nítorí náà fóònù Kóòṣì Kai la fi wo ìdíje Oyíndà níwájú ilé, a gbé e ti ìkòkò. Òun, ìyá mi, èmi, lórí bẹ́ǹṣì kan.

Oyíndà jáde. Jẹ́sì mi ló wọ̀. Mo mọ̀, torí ó gùn jù fún un. Ẹni tó máa bá gbá tẹ̀ lé e — ọmọ Amẹ́ríkà kan, mi ò rí i rí. Irun dúdú tó dì sẹ́yìn. Ojú yìí. Imú yìí. Àgbọ̀n mi gan-an.

Ìyá mi sún mọ́ fóònù. Ó ní, “Habeebah. Wò ó. Ìwọ nìyí.”

Wọ́n pe orúkọ ọmọ náà, orúkọ Ṣáínà, gbogbo gbọ̀ngàn yẹn sì dìde. Òyìnbó, dúdú, àwọn ọmọdé tó kun ojú ní pupa àti búlúù. Kò sẹ́ni tó ní kó pe orúkọ ara ẹ̀. Ó kàn juwọ́ sí wọn, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù.

Oyíndà fi sàfù mi gba séètì àkọ́kọ́. Kóòṣì Kai fò sókè. “Kai! Kai! Ẹ wò ó!” Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, ní tòótọ́. Séètì kejì, ọmọ yẹn ti mọ ọ̀nà sàfù náà. Ó gbà á. Oyíndà gba ìkẹta. Ọmọ yẹn gba ìkẹrin. Ìyá mi ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè fún àdúà, ó ń pe orúkọ Oyíndà mọ́ ti Ànábì.

Séètì ìkẹyìn, wọ́n jọ ń bára wọn bọ̀. Mo wá rí i pé ọwọ́ tèmi náà ti wà lókè. Ètè mi ń mì. Mo tẹ́tí sí ohun tí mò ń sọ.

Kì í ṣe fún Oyíndà.

Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ Amẹ́ríkà yẹn borí. Mo fẹ́ ẹ bí mi ò ṣe fẹ́ nǹkan kan rí. Mo fẹ́ kí ojú yẹn borí, kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n máa pariwo. Oyíndà gbá bọ́ọ̀lù sínú nẹ́ẹ̀tì. Ó parí. Ọmọ náà jọwọ́ báàtì ẹ̀, ó bo ojú.

Mo pàtẹ́wọ́.

Ìró ẹ̀ pọ̀ jù nínú àgbàlá. Kóòṣì Kai yíjú sí mi. Ó wò mí pẹ́. Ó mú fóònù ẹ̀, ó gbọn yanrìn ara ẹ̀, ó ní “Ó dàárọ̀,” oòrùn sì wà lókè. Ìyá mi ní, “Kí lo pàtẹ́wọ́ sí?” Mo ní mi ò mọ̀. Ó mọ̀. Ó wọlé lọ rán kọ́tìnì.

Gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa mi, mo ní irọ́ ni. Mo búra fún ara mi pé irọ́ ni. Ta ni màá tún bá jiyàn báyìí?

Oyíndà pè. Ohùn ẹ̀ ti há.

“Ṣé o wò mí?”

Mo ní mo wò ó.

“Díẹ̀ ló kù, àbí? Díẹ̀ ló kù! Ṣé o gbàdúà fún mi?”

Mo ní, “Gan-an.”