Orúkọ Tí Mo Fà Ya Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Ẹ̀gbọ́n Mi

Lakowe,
Ọjọ́ Àìkú.

Àníọlá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Lẹ́kkí Phase 1 yẹn? Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi ẹkún pe ara wa, kí ibi tó o ti ń wá oúnjẹ má gbé ẹ mì. Àlàáfíà la wà níbí. Ewúrẹ́ wa bí méjì, àgbàdo ti gbó, bàbá ẹ ní kí n kí ẹ, àmọ́ wọn ò dìde lórí àga tí wọ́n fi sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Lateef, ló jẹ́ kí n gbé bírò. O mọ̀ pé Lateef ti gbé ìyá ẹ̀ lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Ajah, o ò sì sọ fún mi. Odidi oṣù méjì! Ẹnu onígaàrí ni mo ti gbọ́. Ọ̀dàlẹ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò ní pa á rẹ́. Ṣé àpótí ògbólógbòó ni ìyá ni, tí wọ́n á fi lọ gbé e pamọ́ sílé onílé? Mo wé gèlè mi le, mo wọ kòròpe gba ọ̀nà ẹsipirẹ́sì, mo ní òní ni mo máa gbé ẹ̀gbọ́n mi bọ̀ wálé.

Ní géètì wọn, wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà fóònù sínú ìwé. Tìẹ ni mo kọ, torí ìwọ lo ra fóònù náà. Wọ́n wá fi káàdì kan kọ́ mi lọ́rùn bíi tàwọn tí ìjọba ń fi oyè dá lọ́lá. Mo wọ̀ ọ́ délé, mo wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ̀. Tí wọ́n bá pè ẹ́ lórí ẹ̀, sọ fún wọn pé mo dúpẹ́, ó bá aṣọ mi mu.

Àfi ìgbà tí mo dé ẹnu yàrá ẹ̀gbọ́n mi tí mo rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn: SÀDÍÁTÙ. Bó ṣe wà nìyẹn o, kò sí Ìyá, kò sí Àlájà. Èmi tí mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, mi ò pe ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ rí láyé mi, káwọn ọmọ kéékèèké wá máa kà á bí wọ́n ṣe ń kọjá? Mo fà á ya. Bàbá kan tó jókòó lẹ́nu yàrá kejì pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ kí n bá àwọn ya tàwọn náà, pé SAMSON ni wọ́n kọ síbẹ̀, bí ẹni pé àwọn ṣì wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Mo bá wọn ya á.

Mo wọlé, mo kí ẹ̀gbọ́n mi, mo rí bọ́tìnnì pupa kan lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tẹ̀ ẹ́ kí iná lè tàn. Iná ò tàn. Ọmọbìnrin kan ló kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní kí lòun máa ṣe fún wa. Mo ní kò sí. Ó lọ. Mo tún tẹ bọ́tìnnì, ó tún dé, ó tún kúnlẹ̀. Ìgbà mẹ́rin! Ẹnì kankan ò pè é o, ó kàn ń wá kúnlẹ̀ fún wa ni. Rẹ̀míláyọ̀ lorúkọ ẹ̀. Ìwọ, ìgbà wo lo kúnlẹ̀ fún mi gbẹ̀yìn?

Ẹ̀ẹ̀kẹrin yẹn ló rí ìwé tó ya nílẹ̀. Mo ti múra ìjà. Ọmọ náà ò jà. Ó mú ìwé mìíì, ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ni wọ́n fẹ́ ká máa pè wọ́n. Mo ní kó kọ Ìyá Lateef. Ó ní kí n má bínú, Màmá lòun bi. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní kí wọ́n kọ Ìyá Ẹlẹ́ja, pé ẹja làwọn fi ọgbọ̀n ọdún tà, kì í ṣe Lateef.

Mo ní ó dáa, ẹ dìde ká máa lọ. Wọ́n ní, Bàṣírát, ṣé o bi mí? Pé Lateef ò bi àwọn kó tó gbé àwọn wá, èmi náà ò bi àwọn kí n tó wá gbé àwọn. Wọ́n ní ìgbà tí egungun ìbàdí àwọn kán tí àwọn wà lọ́dọ̀ mi, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń wẹ̀ fún àwọn, táwọn bíríkìlà orí ilé alájà mẹ́ta yẹn ń wo àwọn láti òkè. Níbí, Rẹ̀míláyọ̀ á ti ilẹ̀kùn, á fi aṣọ bo àwọn, ibi tó bá fẹ́ fọ̀ nìkan ló máa ṣí, á sì béèrè bóyá omi ti gbóná jù. Mo ní èmi ò kúkú tijú, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Wọ́n ní àwọn lojú ń tì.

Àníọlá, mo tú gèlè tí mo wé le yẹn. Ó dùn mí pé ọmọ tí kì í ṣe ẹbí wa ló kọ́ mi. Èmi nìkan ni mo wọ kòròpe padà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn á wá bá wa ṣe Iléyá, tí balùwẹ̀ bá ti wà. Torí náà, fi owó búlọ́ọ̀kù, páànù àti ilẹ̀kùn ránṣẹ́, ilẹ̀kùn tó ṣeé tì láti inú. Gba owó lọ́wọ́ Lateef náà, sọ fún un pé ibi tó gbé wọn lọ dáa, àmọ́ ọ̀dàlẹ̀ ṣì ni, torí kò béèrè. Má fi í gba ti ẹ̀rọ tó ń pọ owó lára ògiri báńkì o. Mo kí i nígbà tí mo lọ, kò dáhùn, ó gbé káàdì báńkì mi mì.

Ọlọ́run á jẹ́ kó o dàgbà, kó o dogbó. Ọjọ́ tí ara ò bá gbé e mọ́, kí ẹni tó máa wẹ̀ fún ẹ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, kó sì bi ẹ́ bóyá omi ti gbóná jù. Àmín.

Èmi ni ìyá ẹ,
Bàṣírát.