Ìkòkò Epo Tí Bàbá Mi Ń Ṣọ́

Oǹdó,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá, 1987.

Bímbọ́lá, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le ní Àkúrẹ́, ṣé ẹ sì ń rí nǹkan fi sẹ́nu lọ́dún tó le bí ojú ẹja yìí? Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo wà.

O mọ orúkọ tí wọ́n ń pè wá láti kékeré mi: ọmọ olè. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí bàbá mi lọ sí Èbúté Alágbọn, lẹ́bàá ọ̀sà, láti ṣọ́ epo tí àwọn ará Oǹdó kó síbẹ̀ de ọkọ̀ òyìnbó. Wọn ò padà wálé mọ́. Ará ìlú ní ṣe ni bàbá mi ta epo náà, tí wọ́n sì bá ọkọ̀ lọ. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni ọkọ Wúràọlá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe dá a padà sílé pẹ̀lú oyún nínú. Orúkọ yẹn ló bá a wọ sàréè.

Lóṣù tó kọjá, àwọn olùkọ́ yunifásítì kan tó ń walẹ̀ èbúté náà láti wá ohun àtijọ́ dé Oǹdó. Wọ́n ya àmì tí wọ́n rí lọ́rùn ìkòkò sórí ìwé, wọ́n ń béèrè ẹni tó ni wọ́n. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n. Agbolé kọ̀ọ̀kan ló máa ń fi ọ̀bẹ fa àmì tirẹ̀ sára ìkòkò epo kó tó kúrò nílé. Ìlà mẹ́ta ti agbolé Ọlọ́runníyì, àwọn gan-an tó kọ́kọ́ pè wá lólè, wà níbẹ̀ gbangba.

Mo bá wọn lọ. Bèbè ọ̀sà ló ya lu àká tí wọ́n kó epo sí, tó bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn ìkòkò ṣì tò lẹ́sẹẹsẹ, ọmọrí wà lórí wọn. Egungun ènìyàn kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Òrùka bàbà tí mo máa ń yí lọ́wọ́ bàbá mi tí mo bá jókòó lẹ́sẹ̀ wọn ṣì wà lára egungun ìka. Bímbọ́lá, mo sunkún bí ọmọdé.

Tayọ̀tayọ̀ ni mo gbé ìròyìn náà wálé. Mo rò pé wọ́n á wá tọrọ àforíjì. Èmi àgbàyà! Kí ilẹ̀ tó ṣú, Olóyè Ọlọ́runníyì ti dé: "Ìkòkò ìyá wa ńkọ́? Wọ́n ní òyìnbó ń ra irú ẹ̀ lówó gọbọi." Àwọn agbolé yòókù tẹ̀lé e. Ebi ń pa ìlú, mo mọ̀, àmọ́ kò sí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò. Nígbà tí mo ní ọwọ́ yunifásítì ló wà, wọ́n ní èmi ni mo tà á. Olóyè ní, "Kí la ò rí rí? Ẹni bíni là ń jọ."

Àwọn olùkọ́ náà yọ̀ǹda egungun fún mi. Ó wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Àlùfáà ti gbà láti sin wọ́n ní Sátidé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ bá mi gbé pósí. Jọ̀wọ́, wá sílé. Bísọ́dún káfíńtà ti kàn án tán. Kò tóbi. Èmi àti ìwọ lè gbé e.

Ẹnikẹ́ni ò ní fi ohun tí o kò mọ̀ kàn ọ́. Ilẹ̀ ò ní bo òtítọ́ rẹ mọ́lẹ̀. Ọmọ tìrẹ á rí ọ sin. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Dúrótoyè

Àfikún: Ẹ̀gbẹ́ Wúràọlá ni mo gbẹ́ sàréè náà sí. Kò jìn tó bó ṣe yẹ, ọwọ́ mi ò gbé e mọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó gbọ́ nígbà tí àlùfáà bá pe orúkọ bàbá wa láìfi olè kún un.