Ìwọ Ni Kí O Máàkì Ìdánwò Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Ìyá rẹ ló ń kí ọ o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé o sì ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀? Ẹ̀rọ tó ń gbé yín lọ sókè ní ilé iṣẹ́ yín ńkọ́, ṣé kò tíì rẹ̀ ẹ́? Máa kí i kú iṣẹ́ bí o bá wọ inú rẹ̀, nítorí ohun tó ń gbé ènìyàn sókè láìbéèrè nǹkan kan, ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá dé kò ní gbóná mọ́ ọ. Ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ kò ní sọ nọ́ńbà rẹ nù. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó wà ní ilé ìdáná, n óò sọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀ fún ọ tó bá yá.

Kí o tó kà síwájú, jọ̀ọ́, lọ ra bírò pupa. Má ka ìwé yìí láìní bírò pupa lọ́wọ́. Kì í ṣe pé mò ń pàṣẹ fún ọ o. Ìdánwò mi ni ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí débi pé mo ti fọ ọwọ́, mo ti nu ọwọ́, òógùn tún ti bò ó.

O mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ṣí sínú ilé ìwé àwọn ọmọdé. Ìrọ̀lẹ́ ni à ń lọ. Àga àwọn ọmọ náà ni a ń jókòó lé, eékún wa sì máa ń kan àgbọ̀n wa bí ẹni tí òtútù mú. Olùkọ́ wa kéré sí ọ lọ́jọ́ orí. Mò ń pè é ní mà, òun náà ń pè mí ní mà, nígbà mìíràn a óò máa ṣe mà, mà, mà títí, bí ewúrẹ́ méjì tó pàdé lójú ọ̀nà, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó ní iṣẹ́ ìkẹyìn ọdún ti dé, èyí tí yóò sọ ẹni tó ń lọ sí kíláàsì kejì àti ẹni tó máa tún kíláàsì kìn-ín-ní ṣe. Ó ní kí olúkúlùkù kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ tó wà ní ìlú ńlá, kí ó bojú wẹ̀yìn wo ọdún tó ń lọ, kí ó sì sọ ohun tó yí padà. Mo bi í pé bí ẹ bá kà á tán, ta ló máa gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́? Ó ní kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ ibì kankan, òun yóò máàkì rẹ̀, òun yóò sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ mi, láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ṣé kí n ṣàdúrà fún ọ, kí wọ́n wá fi kọ́kọ́rọ́ ti àdúrà náà pa?

Ìyá Alágbàfọ̀, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń jókòó, kò ní ọmọ kankan ní ìlú ńlá, ẹ̀bá ilé rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbé. Ó wá dá ọmọ kan sílẹ̀ látinú orí ara rẹ̀, ó sọ ọ́ di dókítà, ó kọ lẹ́tà sí i, olùkọ́ sì yìn ín. Láti ìgbà náà ni kò ti yé sọ̀rọ̀ dókítà yìí. Lánàá ó ní inú ń bí òun sí i nítorí kò fèsì.

Ó dáa, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fún mi.

Ọdún yìí, ọdún ńlá ni. Òpó gíga tó ń gbé ohùn, tí wọ́n nà ró lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ló kọ́kọ́ dé. Tẹ́lẹ̀, orí àpáta ni à ń gùn kí a tó gbọ́ ohùn rẹ, nísinsìnyí mo lè jókòó sórí ibùsùn kí n máa gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni o wà. Ẹni tó ronú kan òpó náà gbọ́n o. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, fóònù mi kọ nǹkan síwájú ara rẹ̀, olùkọ́ sì bá mi yí i sí èdè wa: ó ní inú òun ti kún. Mo rò ó títí, mo rí i pé àwa la jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ tí à ń rọ́ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ ti pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gé ọ̀rọ̀ kúrú fún ọ, tí o fi bi mí bóyá mò ń bínú. N kò bínú o, mò ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ná ni. Bàbá rẹ dorí fóònù náà kodò, ó gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́, ó ní bóyá àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí kò wúlò mọ́ yóò jábọ́. Kò sí ohun tó jábọ́. Ìwé ló dáa jù, bó bá kún, a ó ṣí ojú ewé mìíràn.

Lẹ́yìn òpó ni àwọn tó ń ṣe káàdì ìdánimọ̀ dé. Wọ́n bi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ nípa ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó ní ọdún tí ìjì ká òrùlé ilé ìwé ni wọ́n bí òun. Wọ́n bi bàbá rẹ, òun náà ní ọdún tí ìjì ká òrùlé ilé ìwé ni. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjì ká òrùlé náà, ṣùgbọ́n akọ̀wé kò béèrè ìjì wo. Ó kọ ọdún kan náà fún wọn, ó sì kọ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje fún gbogbo wa. Nígbà tí káàdì dé, ẹ̀gbọ́n gbé tirẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní ẹ wá wo bí ìjọba ṣe sọ òun àti àbúrò òun di ìbejì láìfi tó ìyá àwọn létí. Bàbá rẹ ní kò burú, kí ẹ̀gbọ́n má rán òun níṣẹ́ mọ́ láti òní lọ, ẹgbẹ́ ni àwọn. Ẹ̀gbọ́n ní bó bá jẹ́ ti ìbejì ni, òun ni Kẹ́yìndé, kí Táyéwò lọ bá òun bu omi mímu wá. Bàbá rẹ lọ bu omi náà.

Nígbà tí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje wá pé, báńkì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, olùkọ́ sì kà á fún mi pé àwọn bá mi yọ̀, òní ni ọjọ́ ìbí mi. Ọmọ mi, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó bá mi yọ̀ rí nítorí pé wọ́n bí mi. Mo wọ bàtà, mo lọ sí báńkì, mo ní mo fẹ́ rí ẹni tó rántí mi. Ọ̀gá wọn jáde wá, ọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn, ó ní kọ̀ǹpútà ni. Mo ní kí ó jọ̀ọ́ mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó mú mi lọ lóòótọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣàdúrà pé iná kò ní kú mọ́ ọn lójú, gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà sì ṣe àmín. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ọmọlúwàbí wà ní báńkì, kó wá bi mí.

Ṣùgbọ́n ìdìbò ló tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá dàgbà jù ló ń ṣe alága àdúgbò wa, á sì ṣe é títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Lọ́dún yìí wọ́n ní kí a fi ìwé dìbò sínú àpótí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ jáde, Aláwò Dúdú náà jáde, obìnrin tó ń jó irin ní ìkòríta, tí kì í bọ́ awò dúdú kúrò lójú kódà bó bá ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn irin ni wọ́n fẹ́ jó mọ́ àdúgbò lára. Obìnrin náà fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé bàbá, ilé tó ti wà láìnílẹ̀kùn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣé kò yẹ kí wọ́n pe ẹni tó mọ̀ ọ́n jó ni?

Nígbà tó kàn mí láti dìbò, wọ́n ní kí n lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ kí n pààrọ̀ aṣọ ni, mo sì ń wò ó pé èyí tí mo wọ̀ kò kúkú burú. Tábìlì kan ni mo bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé. Àwòrán ni àwọn yòókù ń wò kí wọ́n tó tẹ̀ka. Èmi kò wo àwòrán. Mo kà á. Mo fi ìka tẹ̀lé e, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, mo ka orúkọ ẹni àkọ́kọ́ tán, mo ka ti ẹnì kejì. Wọ́n ń pariwo níta pé ṣé mo ti sùn ni. Òṣìṣẹ́ kan béèrè pé mà, ṣé kò sí wàhálà? Mo ní mò ń kàwé ni o. Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí mo dá kà láyé mi tí kì í ṣe ara pátákó olùkọ́. Ẹni tí mo dìbò fún, n kò ní sọ fún ọ, wọ́n ní àṣírí ni, mo sì ti bá ìjọba pa á mọ́.

Aláwò Dúdú ló wọlé. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò ní bá wọn jókòó sí ìpàdé tí wọ́n ń ṣe láàárín irin. Kò pẹ́ ni ọwọ́ ẹ̀rọ omi àdúgbò kán. Alága tuntun fi aṣọ ìpàdé rẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó o pọ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró lókèèrè, ó ń ṣàríwísí, ó ní ó wọ́, ẹ ò rí i pé ó wọ́ ni? Alága ní kí ó wá bá òun dì í mú kó má baà wọ́, ó sì na awò dúdú kan sí i. Ẹ̀gbọ́n wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi í sójú. Nígbà tí omi máa tú jáde, ara àwọn méjèèjì ló tú sí. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní Aláwò Dúdú lójú ẹ̀gbọ́n, á bi onítọ̀hún pé ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni Alága?

Nínú ilé tiwa náà, nǹkan yí. Nítorí ìrọ̀lẹ́ ni mò ń lọ kàwé, bàbá rẹ ló ń dáná. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó bá sè, ọ̀bẹ la fi ń gé e, bó tilẹ̀ jẹ́ ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ ọ́n báyìí, ó sì ti ń gbéra ga. Ó ní iyọ̀ mi ti ń pọ̀ jù láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, òun kàn ń fara mọ́ ọn ni. Bó bá sè é tán, á wá dúró lójú fèrèsé kíláàsì wa pé òun wá mú mi lọ sílé, á sì máa dáhùn ìbéèrè láti ìta. Olùkọ́ ní bàbá, ẹ wọlé wá forúkọ sílẹ̀, tàbí kí ẹ dákẹ́. Ó ní òun kò wá kàwé o, ìyàwó òun ni òun wá mú. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń kọ èyí, ó na ìka sí ọ̀rọ̀ kan, ó ní àmì orí rẹ̀ ti sá lọ. Mo wò ó, lóòótọ́ ó ti sá lọ. N kò tíì yìn ín.

Nígbà tí mo ti kọ ọ́ dé ibi tó pọ̀, mo lọ bá olùkọ́. Mo ní mà, ẹ má bínú, lẹ́tà tí a kọ sí ọmọ, ọmọ ló ni ín, n kò lè jẹ́ kí ẹ ṣáájú rẹ̀ kà á. Ó ní bí òun kò bá rí i, kò sí èsì tí òun lè kọ fún mi, kíláàsì kìn-ín-ní ni n óò wà. Ó ní kí n kúkú dà á kọ, kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ fún òun. Mo gbìyànjú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí mo ti kí ọ, mo rí i pé kì í ṣe pé mò ń kí ọ mọ́, mò ń ṣe é kí olùkọ́ lè rí i pé mò ń kí ọ ni. Mo fa ìwé náà ya, mo sì padà lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Ó wá bi mí pé ṣé ọmọ mi mọ̀wé dáadáa. Mo ní ó mọ̀ ọ́n. Ó bi mí pé ṣé kò ní ṣojúsàájú. Mo ní mà, n kò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi ránṣẹ́, kí ìwọ máàkì rẹ̀, ohun tí o bá kọ ni òun yóò tẹ̀lé. Wo irú ènìyàn tí wọ́n rán sí wa! Ọ̀rọ̀ bírò pupa tí o kà lókè, ìgbà tí mo délé lọ́jọ́ náà ni mo fi kún un.

Nítorí náà, má ṣojúsàájú. Ibi tí mo bá ti ṣì í, fa ìlà pupa sí i. Má sọ pé ìyá mi ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi máa ń gùn, n kì í sì í mọ ibi tó yẹ kí n ti dánu dúró, bóyá n kò tilẹ̀ dáhùn ìbéèrè náà bó ṣe yẹ. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé ṣé kì í ṣe pé mo ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kíláàsì kejì yẹn, ọmọ mi. Mo fẹ́ ẹ gan-an.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, kí n fi ra awò ojú, kí bàbá rẹ sì ra ìkòkò, ó ti jó ìdí èyí tó wà nílé. Owó bírò pupa, yọ ọ́ níbẹ̀.

Èsì ìdánwò mi, má pè mí sórí fóònù sọ ọ́ o. Kọ ọ́ sínú ìwé, lẹ̀ ẹ́ dáadáa, kọ orúkọ mi sẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ tí o ti kúrò nílé, gbogbo lẹ́tà tí o kọ sí mi, ẹlòmíràn ló ń kà á sí mi létí. Akọ̀wé ilé ìwòsàn á rẹ́rìn-ín kí n tó mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, á dákẹ́ níbì kan, á fò ó, n kò sì ní mọ ohun tó fò. Nígbà tí àìsàn ṣe ọ, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ kí èmi tí mo bí ọ tó mọ̀. Yálà mo yege, yálà mo fìdí rẹmi, ti èyí, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kà á. Mo ti sọ fún bàbá rẹ pé bó bá dé, kó má fọwọ́ kàn án.

Àlọ rẹ á dáa, àbọ̀ rẹ á dáa. Ọwọ́ tí o fẹ́ fi fa ìlà pupa yẹn kò ní rọ. Ìwọ náà á bí ọmọ, ọmọ náà á kọ̀wé sí ọ, ojú rẹ á sì ríran kà á dé ìlà ìkẹyìn.

Èmi ni ìyá rẹ,
ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní, títí ìwọ yóò fi sọ ọ́ di òmíràn.