Ẹ̀rọ tí kò jẹ́ kí ọkọ mi mí síta

Olóòtú wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, àmọ́ ẹ má fi ìbínú mi pa mọ́.

Ọkọ mi ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò láti Igbókòdá lọ sí Zion Pepe. Bó bá ti sùn, èémí rẹ̀ á máa dá dúró. Dókítà ní kó máa fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú sùn, la bá rà á. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ mí síta, atẹ́gùn á máa tì í padà. Ó ní ńṣe ló dà bíi kéèyàn dojú kọ afẹ́fẹ́ òkun Abereke kó sì la ẹnu. Ẹni tó tà á ní yóò mọ́ ọn lára. Irọ́ ni! Ọkọ mi pa á tì, oorun alẹ́ ò sì tó o mọ́. Lọ́jọ́ kan, ló bá sùn lọ nídìí ẹ́ńjìnì, ó kó èrò wọ inú igbó etí omi. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tí ẹnikẹ́ni ò kú.

Sùlèímánì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní irú ẹ̀rọ yẹn gan-an. Ọkọ mi dán an wò: bó ṣe ń mí síta ni atẹ́gùn ń rọlẹ̀ fún un. Sùlèímánì tan ibì kan tí wọ́n ti pa lára tiwa, atẹ́gùn tiwa náà sì rọlẹ̀!

Mo gba ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á lọ. Ó ní, "Mọ́mì, èmi ni mo pa ibẹ̀. Ẹ̀yin ará ojú omi ò lè mọ̀ ọ́n lò."

Ọkọ mi ní kí n gbàgbé ẹ̀, òun ti ń sùn dáadáa. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n gbàgbé? Ẹ ṣáà bá mi bi ọ̀gbẹ́ni yẹn: ṣé àwa ará ojú omi kì í mí síta ni?