Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ti Padà Wá

Muhannad ọmọ mi,

Gbogbo ará àgọ́ kí ọ. Ẹsẹ̀ mi ti ń san, a sì rí ìyẹ̀fun rà.

Wá ibi jókòó. Bọ́ǹbù ti pa bàbá rẹ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní òfin. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé, "Bàbá Muhannad, òfin wo ló kù ní Gásà?" Wọ́n ní, "Bí mi ò bá kọ́ wọn, ta ni yóò bá wa rojọ́ lọ́la?"

Àwọn tó yè ti padà wá. Lubna àbúrò rẹ ló ń kọ́ wọn báyìí, ọkọ̀ òfurufú sì ń ràbàbà lórí wa. Mo ní kó jókòó sílé. Ó ní, "Màmá, ilé wo?"

Pè é. Má sọ pé kó ṣíwọ́ o. Ṣáà ní kó máa jẹun kó tó lọ. Ọlọ́hun á dá yín sí fún mi.

Ìyá rẹ.