Ẹ̀rọ Tó Ní Àyà Ò Dun Bàbá Rẹ

Yavor ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìjọba ní Sófíà. Kí Màríà Mímọ́ máa ṣọ́ ọ, kí òtútù má rí ọ gbé ṣe. Àjàrà so dáadáa lọ́dún yìí, ewúrẹ́ ń fún wa ní wàrà, gbogbo àdúgbò ń kí ọ. Bàbá rẹ nìkan ni ara wọn ò le.

O sọ fún wa nígbà Àjíǹde pé ẹ̀yin lẹ ń ṣe òfin tó de àwọn ẹ̀rọ tó ń ronú ní ilé ìwòsàn, pé kò síbi tí òfin náà ò dé ní Yúróòpù, pé kí ọkàn wa balẹ̀. Ẹ kú ọgbọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà ti dé ilé ìwòsàn wa. Òun ló ń bi aláìsàn lọ́rọ̀, tó ń wò wọ́n lójú, tó sì ń pinnu ẹni tó máa kọ́kọ́ rí dókítà ọkàn ní Plovdiv. Mo gbé ìgò ọtí rakíà kan fún un bí a ṣe máa ń gbé e fún dókítà, kò tilẹ̀ dúpẹ́, Minka nọ́ọ̀sì ló gbé e relé.

Lọ́jọ́ tí mo mú bàbá rẹ lọ síbẹ̀, mo rí ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé òfin ka ẹ̀rọ yìí mọ́ àwọn tó léwu gan-an. Mo bá yára fi ìborùn mi di bàbá rẹ lẹ́nu àti nímú, kí ewu náà má bàa kó wọ̀ wọ́n lára, mo ní wọn ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ bi wọ́n pé ṣé àyà ń dùn wọ́n, wọ́n mi orí sọ́tùn-ún sósì, bí gbogbo ọmọ ènìyàn ṣe ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni nílẹ̀ wa. Ó bi wọ́n pé ṣé wọ́n lè dúró di ìgbà yìnyín, wọ́n mi orí sókè sísàlẹ̀ pé rárá. Ó wá kọ ọ́ pé nǹkan kan ò ṣe wọ́n, pé wọ́n gbà láti dúró. Ẹni tó kọ́ ọ níwèé ò tíì rí ènìyàn rí.

Mo lọ bá Dókítà Pashov. Ó ní òfin yín ní kí ènìyàn kan máa bójú tó ìpinnu ẹ̀rọ, pé òun ni ènìyàn náà, òun sì ti fọwọ́ sí i. Mo bi í pé níbo ló wà nígbà náà. Minka ló sọ fún mi pé bọ́ọ̀lù ló ń wò ní yàrá kejì. Òfin gidi lẹ ṣe. Ẹ ní kí ènìyàn wà níbẹ̀, ẹ ò ní kó ríran.

Lánàá, bàbá rẹ ṣubú sáàárín ọgbà àjàrà. Láti ilé ìdáná ni mo ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ẹ̀rù ń bà mí, Yavor.

Fi owó mọ́tò ránṣẹ́ ká lè gbé wọn lọ sí Plovdiv fúnra wa. Tàbí kí o fi òfin sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ, kí o gbé owó náà wá. Ẹ ti wá ẹni tó máa jókòó ti ẹ̀rọ, ìwọ wá jókòó ti bàbá rẹ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o dàgbà jù wá lọ. Lọ́jọ́ tí àyà bá sì ń dun ìwọ náà, kí ó jẹ́ pé ojú ènìyàn ni yóò wò ọ́.

Èmi ìyá rẹ,
Tsonka