Wọ́n Ní Ìdọ̀tí Ni Èèpo Kòkó

Ìyá mi, ọlọ́ṣẹ dúdú tí mo ń pè tí kò dáhùn mọ́,

Mo lóyún. Ó ti dé oṣù tí mi ò lè rí ẹsẹ̀ ara mi mọ́ bí mo bá dúró. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n inú tún ń bí mi, ẹ̀yin nìkan ni mo sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún tí kò ní sọ pé kí n fara balẹ̀ nítorí ọmọ. Kò sí ọṣẹ. Ẹ rántí pé ẹ ṣèlérí pé ọṣẹ ọwọ́ yín la ó fi wẹ ọmọ mi àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹ kú, mo ní kò burú, Ìyá Fúnkẹ́ ọ̀rẹ́ yín ṣì wà ní Oǹdó, ìdí ààrò kan náà lẹ jọ jókòó sí láti kékeré, ta ló lè ya ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára tiyín? Mo ránṣẹ́ sí i. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ṣe ọṣẹ kẹ́yìn, pé kò sí èèpo kòkó tí òun yóò sun di eérú ọṣẹ. Ní Oǹdó! Bí ẹni tó ní kò sí omi lódò.

Mo mọ ibi tí èèpo kòkó wà. Ó wà ní Àkúrẹ́, níbi iṣẹ́ mi.

Ọ̀nà Ìgbàrà-Òkè ni ilé iṣẹ́ náà wà. Pátákó adènà ooru la ń ṣe, èyí tí wọ́n ń kàn sábẹ́ páànù kí oòrùn má baà máa se àwọn tó wà nínú ilé. A ń lọ èèpo kòkó, a ń po gúmù mọ́ ọn, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ọdún tó le yìí ló jẹ́ kó tà. Epo ti gbówó lórí débi pé àwọn tó ń fi jẹnẹrétọ̀ tan éésì tẹ́lẹ̀ ti ń wá ohun tí yóò máa tutù láìmu epo. Pátákó náà ń ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Èmi ni mo ń wọn èèpo tó bá ti oko dé. Ọ̀gá wa ni kò kún mi lójú.

Ẹnjiníà là ń pè é. Ó ti òkè òkun dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà ni ìdọ̀tí. Ohunkóhun tí òun kò bá tíì tà, ìdọ̀tí ni lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ya òbìrí ńlá kan sára ògiri ẹnu géètì, ọfà ń lé ọfà yí i po: igi kòkó, èèpo, pátákó, ilé, kó tún padà di pátákó. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ohunkóhun kì í ṣòfò lọ́dọ̀ wa. Ó sì ṣèlérí fún àwọn oníbàárà pé bí pátákó bá gbó, a ó gbà á padà, a ó lọ̀ ọ́, a ó tún un tẹ̀. A ń gbà á padà lóòótọ́. Àmọ́ gúmù ti sọ ọ́ di òkúta, ẹ̀rọ ò lè lọ̀ ọ́, ẹ̀yìn ọgbà ni wọ́n ń kó o jọ sí, bó bá sì ti ga tó, wọ́n á dáná sun ún. Èéfín yín máa ń rùn bí oko. Tiwọn ń rùn bí táyà. Kò sí ọfà kankan lára òbìrí yẹn tó kọjú sí ẹ̀yìn ọgbà.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í ra èèpo kòkó, a kì í sì í tà á. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọṣẹ á gbé agbọ̀n lọ sí oko ẹni tó ń fọ́ kòkó, á kí i, á kó o. Bó bá ṣe ọṣẹ tán, olóko ló ni ìṣù àkọ́kọ́. Ẹ kì í jẹ́ kí n jẹun àárọ̀ kí n tó gbé ìṣù ti Bàbá Akin lọ fún un nínú ewé gbọ̀dọ̀gì. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń ti ìka bọ omi eérú, tí ẹ ó fi kan ṣóńṣó ahọ́n, tí ẹ ó dijú bí ẹni ń gbọ́ orin, kí ẹ tó gbà pé ó ti tó. Eérú tó bá ṣẹ́kù, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ ń dà á sí. Ṣé ẹ mọ̀ pé òbìrí lẹ ń yí nígbà yẹn? Ẹ ò sì yà á sára ògiri ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ọkọ̀ ẹrù wa kọ́kọ́ dé Oǹdó, ọ̀fẹ́ ni àwọn olóko kó èèpo fún wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún yín. Wọ́n ń retí ọṣẹ! Bàbá Akin bi mí, ojú rẹ̀ ò yẹ̀, pé ìgbà wo ni àwọn ará Àkúrẹ́ máa gbé ìṣù tòun wá. Kí ni kí n sọ fún un? Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní owó táṣẹ́rẹ́, bí èèpo gbogbo ṣe wọ ọkọ̀ lọ nìyẹn, tí agbọ̀n Ìyá Fúnkẹ́ ń ti oko bọ̀ lófìfo. Mi ò bá àwọn olóko wí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó lè ra pátákó náà. Abẹ́ páànù tó gbóná bí ààrò ni Ìyá Fúnkẹ́ ṣì ń sùn.

Ni àwọn àlejò bá dé, àwọn tó ń fi ẹ̀bùn ta ilé iṣẹ́ tí kì í ba ayé jẹ́ lọ́rẹ. Ẹnjiníà wọ agbádá tí ìlà páálí ò tíì kúrò lára rẹ̀. Ó ní àwọn obìnrin Oǹdó ń sun èèpo kòkó nínú àìmọ̀kan, òun ló wá gbà wọ́n. Ó nawọ́ sí mi. “Ìyá ọmọbìnrin yìí gan-an, èéfín ló pa á.”

Ìyá mi! Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa yín. Mo wà níbẹ̀, ọwọ́ yín wà nínú ọwọ́ mi. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́: ọkùnrin yìí ń wá òkú tí yóò fi polówó ọjà, tiyín ló rí mú.

Mo dìde tikùntikùn. Mo ní irọ́ ni. Mo sọ ohun tó pa yín. Mo ní ìyá mi ò da èèpo kòkó nù rí láyé rẹ̀, mo sọ ti eérú, ti ọṣẹ, ti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ti ìṣù olóko. Mo ní àwa gan-an la gba èèpo lọ́wọ́ wọn. Mo jókòó, mo ń retí kí wọ́n lé mi jáde. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan tiẹ̀ nu ojú. Wọ́n rò pé ó wà lára ètò! Ẹnjiníà ló pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù. Lọ́sẹ̀ yẹn náà, ayàwòrán padà wá sí ẹnu géètì, ó ya ìkòkò ọṣẹ sáàárín òbìrí, ó fi ọfà sí i. Wọ́n gbé yín mì, wọn ò tilẹ̀ rún yín lẹ́nu.

Ẹnjiníà àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá fẹ́ fọ́tò. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ bá Ìyá Fúnkẹ́, kó jókòó sídìí ààrò kó máa dáná. Kí ni yóò fi dáná? Wọ́n bá di àpò èèpo kan ní Àkúrẹ́, èyí tí mo fọwọ́ ara mi wọ̀n nígbà tó ti Oǹdó dé, wọ́n tún gbé e padà sí Oǹdó nínú ọkọ̀ tí éésì rẹ̀ ò sinmi títí a fi débẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi ta mí nípàá.

Ìyá Fúnkẹ́ wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Wọ́n ní kó gbójú sókè, ó gbójú sókè. Wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan ni wọ́n jẹ́ kó jù síná. Bí wọ́n ṣe parí, dẹ́rẹ́bà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé àpò padà sínú ọkọ̀. Ìyá Fúnkẹ́ ló kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀. Ó fa ẹnu àpò ya, ó sì da gbogbo rẹ̀ lé iná lórí.

“Ẹ ṣáà ní kí n dáná,” ó ní. “Iná rèé.”

Ẹnjiníà ń wúkọ́ lọ sídìí ọkọ̀.

Ìṣù kan ṣoṣo ló jáde nínú eérú náà. Ìyá Fúnkẹ́ ránṣẹ́ pè mí, mo dé, mo na ọwọ́ méjèèjì. Kò tíì gbé e lé mi lọ́wọ́ tó fi bi mí pé, “Ọma mi, ta ló ni èèpo?” Kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n. Lójú tirẹ̀, àṣà ni àṣà, ì báà jẹ́ òmùgọ̀ ló ni èèpo. “Gbé e fún ọ̀gá rẹ. Bí kò bá mọyì rẹ̀, ìyẹn ti di tirẹ̀.” Mo sunkún nínú ọkọ̀ kọjá Ọ̀wẹnà, ìṣù yín lórí ikùn mi.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Ẹnjiníà bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo gbé e fún un, mo sì sọ ohun tó jẹ́ fún un. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́.

“Ṣé a lè mú un funfun?” ó ní. “Dúdú yìí jọ ìdọ̀tí.”

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo na ọwọ́, mo gbà á padà. Mo ní mo ti gbé e wá, àṣà ti pé, òun ló kọ̀ ọ́. Mo sì jáde. Wọn ò tíì pè mí padà síṣẹ́, mi ò sì rò pé wọn yóò pè mí. Ọkọ mi ò bá mi jà, àmọ́ mo ń rí bó ṣe ń wo àpò gàrí.

Ṣé mo ṣe dáadáa, Ìyá mi? Àbí ẹ̀yin ì bá fi í sílẹ̀ fún un? Ta ló tilẹ̀ ni èèpo náà gan-an: ẹni tó rà á, àbí ẹni tí igi rẹ̀ so ó?

Ìṣù náà wà láàárín aṣọ ọmọ báyìí, nínú ewé. Lówùúrọ̀ yìí mo yọ́ bíńtín nínú rẹ̀ sómi, mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo dijú, mo fi kan ṣóńṣó ahọ́n. Ó ta mí.

Ó ti tó.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ máa ń rán lọ sọ́dọ̀ olóko kó tó jẹun.